Ìwé Kóòdù, Ọwọ́ Ni A Fi Ń Kà Á

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé èdè wo ló dára jù. Ṣé Python ni àbí JavaScript? Ṣé Java tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ni, àbí C tí àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà fi ń yangàn? Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú. Ìwé ló yẹ kó ṣáájú: ìwé wo ni ẹ lè kà dé ìparí láìsí pé ẹnì kan ń fi pàṣán lé yín? Èdè ìbáà dára tó dára, bí ìwé tí ẹ fi ń kọ́ ọ bá ti sú yín ní ojú ewé kẹwàá, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n.

Ìwé kan ṣoṣo ni màá dì mú nínú àlàyé yìí kí ọ̀rọ̀ má bàa fẹ̀ jù. Automate the Boring Stuff with Python ni wọ́n ń pè é. Al Sweigart, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ No Starch Press tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2015, wọ́n sì ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní 2019. Ẹni tó lówó lè rà á. Ẹni tí kò ní lè ka odindi rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ lábẹ́ àṣẹ Creative Commons. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí gbólóhùn rẹ̀ kúrú ni. Ẹni tó bá lè ka ìwé ìròyìn á lè kà á.

Ohun tó mú mi yàn án ni àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀. Kò kọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ di ẹnjiníà. Ó kọ ọ́ fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí iṣẹ́ àṣetúnṣe sì ń jẹ ọjọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́: ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún fáìlì tó fẹ́ yí orúkọ wọn padà, ẹni tó ń ṣí ìwé Excel kan tẹ̀lé òmíràn láti mú nọ́ńbà kan ṣoṣo jáde, ẹni tó ń fi ímeèlì kan náà ránṣẹ́ sí ogójì ènìyàn tó sì ń pààrọ̀ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdajì àkọ́kọ́ ìwé náà kọ́ni ní èdè Python. Ìdajì kejì gbé èdè náà síṣẹ́ lórí àwọn wàhálà bẹ́ẹ̀. Òǹkàwé kì í béèrè ìwúlò ohun tó ń kọ́, nítorí ìwúlò rẹ̀ wà lórí tábìlì rẹ̀ kó tó ṣí ìwé.

Irú ìwé báyìí ti pẹ́ láyé. Ní 1964, John Kemeny àti Thomas Kurtz, olùkọ́ ìṣirò ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà, ṣe èdè kan tí wọ́n pè ní BASIC, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì náà lè rí kọ̀ǹpútà lò. Èdè náà rọrùn lóòótọ́, àmọ́ ìwé ló gbé e wọ inú ilé àwọn ènìyàn. Ní 1973, David Ahl, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní Digital Equipment Corporation, kó eré orí kọ̀ǹpútà 101 jọ sínú ìwé kan. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè ti gba eré náà. Kóòdù ni wọ́n tẹ̀ sójú ìwé láti òkè délẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣeré, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Èyí tí wọ́n tún tẹ̀ jáde ní 1978, tí wọ́n pè ní BASIC Computer Games, ni ìwé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí iye ẹ̀dà tó tà wọ mílíọ̀nù kan.

Ẹ wò ó dáadáa, ìwé Ahl kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé nǹkan. Kí ló wá ń kọ́ni níbẹ̀? Ọmọ tó ń tẹ eré náà á ṣi kọ́mà kan tẹ̀, eré á kọ̀ láti ṣí. Á padà lọ fi ojú wá ibi tí àṣìṣe wà, ìlà sí ìlà. Bó ṣe ń wá a ni yóò máa rí i pé ìlà báyìí ló ń ka iye ìgbà, pé ìlà tọ̀hún ló ń sọ ẹni tó borí. Nígbà tó bá yá, á pààrọ̀ nọ́ńbà kan láti wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá pààrọ̀ nọ́ńbà yẹn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kó má ṣe gé kóòdù inú ìwé kó wá lẹ̀ ẹ́. Kó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ aránṣọ kì í fi ojú lásán kọ́ ẹ̀rọ. Bébà ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ fún un rán, láìsí òwú nínú abẹ́rẹ́, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń sáré àti bó ṣe ń dúró. Ẹni tó wo fídíò wákàtí mẹ́wàá lórí YouTube láì tẹ ìlà kan, òǹwòran ni. Ó lè máa mi orí bí olùkọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀, kó sì dá a lójú pé òun ti gbọ́ ọ yé, àmọ́ ẹ gbé ojú ìwé tó ṣófo síwájú rẹ̀ kí ẹ wá rí i.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ńkọ́? Àwọn ìwé tí wọ́n ń yìn pé wọ́n dùn kà, ẹ̀fẹ̀ pọ̀ nínú wọn. Èdè Python fúnra rẹ̀, tí Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, gbé jáde ní 1991, kì í ṣe ejò ló fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń jẹ́ Monty Python ló gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní why the lucky stiff kọ ìwé kan nípa èdè Ruby, tó kún fún àwòrán kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń sọ ìsọkúsọ. Ní oṣù kẹjọ 2009 ó dédé pa gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé náà ló tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ tí kò fi parun. Miran Lipovača, ọmọ ilẹ̀ Slovenia, kọ Learn You a Haskell for Great Good! pẹ̀lú àwòrán tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, ó sì sọ èdè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún di nǹkan ẹ̀rín.

Mo gbádùn wọn. Síbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ inú wọn kì í sábà sọdá òkun. Ẹni tí kò wo Monty Python rí kò ní mọ ìdí tí àpẹẹrẹ inú ìwé Python fi ń pe gbogbo nǹkan ní spam, ìyẹn ẹran inú agolo, yóò sì rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan ni tí òun kò tíì kọ́. (Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ fò ó.) Ìwé Lipovača sì ní àbùkù kan tí àwòrán kò lè bò: kò fún òǹkàwé ní iṣẹ́ ṣe. Ẹ óò rẹ́rìn-ín láti orí dé orí, ẹ óò pa ìwé dé, ọwọ́ yín á sì wà bó ṣe wà. Adùn tó ń gbé ènìyàn dé ìparí ìwé kóòdù kì í ṣe ti ẹ̀fẹ̀, ti èsì tó tètè dé ni. Ẹ tẹ nǹkan, kọ̀ǹpútà dáhùn lójú ẹsẹ̀, ìdáhùn náà sì mú kí ẹ fẹ́ béèrè òmíràn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ kò nílò kọ̀ǹpútà ńlá. Ẹni tó ní fóònù Android lè gba áàpù Pydroid 3 sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa fi kọ Python láìsí détà, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀. Orí kìn-ín-ní ìwé Sweigart ní ètò kékeré kan tó ń béèrè orúkọ òǹkàwé, tó kí i, tó sì sọ bí orúkọ náà ṣe gùn tó. Tiwa rèé, ní Yorùbá:

print('Kí ni orúkọ yín?')
orúkọ = input()
print('Ẹ kú àbọ̀, ' + orúkọ)
print(len(orúkọ))

Ìlà mẹ́rin péré. Print ń gbé ọ̀rọ̀ sójú fóònù. Input ń dúró de ohun tí ẹ máa tẹ̀, ohun tí ẹ bá sì tẹ̀ ni a so mọ́ orúkọ lápá òsì àmì ìdọ́gba, kí a lè máa fi pè é. Len ń ka iye àmì tó wà nínú ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí Python 3 ti jáde ní 2008 ló ti gbà kí irú orúkọ tí a fi ń pe nǹkan bẹ́ẹ̀ ní lẹ́tà tó ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí náà kò sóhun tó ní kí ẹ máa kọ name tàbí age nígbà tí orúkọ àti ọdún wà.

Ẹ wá tẹ Gbádébọ̀ sí i, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó mọ a b d rẹ̀ á ní lẹ́tà mẹ́fà ni: gb, a, d, e, b, ọ. Kọ̀ǹpútà á ní 8. Lórí kíbọọ̀dù míràn, orúkọ kan náà, bí ojú ṣe rí i kò yàtọ̀ rárá, kọ̀ǹpútà á ní 11.

Kò purọ́ ní ìgbà kankan. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé gb jẹ́ lẹ́tà kan lọ́dọ̀ wa. Méjì ló kà á sí. Unicode, ìyẹn àkójọ tó ń fún gbogbo àmì ìkọ̀wé àgbáyé ní nọ́ńbà, ní ààyè fún á àti é gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo. Ó ní ààyè fún ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò sí ààyè kan ṣoṣo fún ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní àmì ohùn lórí. Ọ á dúró lọ́tọ̀, àmì ohùn á tẹ̀lé e lọ́tọ̀. Ìyẹn ló sọ ọ́ di 8. Àwọn kíbọọ̀dù kan sì wà tí wọ́n ń ya gbogbo àmì sọ́tọ̀, títí kan ti á àti é, tí àmì ìsàlẹ̀ náà ń dá dúró. Àwọn ló bí 11.

Ẹ lè ní kí lèyí kàn mí. Ó kàn yín dáadáa. Bí akọ̀wé kan bá fi kíbọọ̀dù kan kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ilé-ìwé, tí akọ̀wé kejì sì fi òmíràn wá a, kọ̀ǹpútà á ní kò sí ọmọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí orúkọ náà wà níwájú gbogbo ènìyàn. Python ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ unicodedata tó lè sọ ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan kí a tó wá orúkọ. Sweigart kò kọ ìwé rẹ̀ nítorí àmì ohùn Yorùbá. Ìlà tó fi ń ka gígùn orúkọ ló gbé wa débí, nítorí pé orúkọ tiwa la tẹ̀ sí i. Àǹfààní tó wà nínú fífi nǹkan ti ara ẹni rọ́pò àpẹẹrẹ inú ìwé nìyẹn: lójú ẹsẹ̀ ni ẹ óò dé ibi tí òǹkọ̀wé kò dé.

Ọ̀rọ̀ kan ku nípa àṣìṣe, òun ló sì ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Ẹ fi ìlà méjì yìí kún ètò yín:

ọdún = input()
print(ọdún + 1)

Ẹ tẹ 34. Dípò kó dáhùn pé 35, ọ̀rọ̀ àṣìṣe ni yóò dà síta, TypeError sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á rò pé òun ti ba fóònù jẹ́. Kò sóhun tó bàjẹ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ àṣìṣe yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó máa gòkè lọ wo ìlà tí wàhálà ti ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń sọ kò ju èyí lọ: input kì í mú nọ́ńbà wá, ọ̀rọ̀ ló ń mú wá. Lójú rẹ̀, 34 tí ẹ tẹ̀ kò yàtọ̀ sí Gbádébọ̀, kò sì mọ bí a ṣe ń fi 1 kún Gbádébọ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ọdún = int(input()), kí ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, wàhálà á tán.

Ìwé Sweigart máa ń fi ojú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ han òǹkàwé kó tó bá a pàdé lójú ọ̀nà, mo sì ka èyí sí ìwà ọmọlúàbí lọ́dọ̀ òǹkọ̀wé. Àwọn ìwé tí ohun gbogbo ń lọ geerege nínú wọn ń ṣe òǹkàwé níkà. Lọ́jọ́ tí tirẹ̀ bá kọ̀ láti lọ, á gbà pé òun ni kò lórí ìwé. NameError túmọ̀ sí pé ẹ pe orúkọ tí ẹ kò tíì sọ nǹkan kan ní. Ní ìgbà mẹ́wàá, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ jẹ́ àṣìkọ lásán. SyntaxError sábà máa ń jẹ́ àkámọ́ tàbí àmì àyọlò tí a ṣí tí a kò tì. Ẹni tó bá ti mọ mẹ́ta yìí lójú, ìbẹ̀rù á kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé náà á kọ́ yín ní bí ètò ṣe ń yàn láàárín nǹkan méjì, bó ṣe ń ṣe nǹkan kan léraléra, yóò sì fi eré kan dì í: kọ̀ǹpútà mú nọ́ńbà kan lọ́kàn láàárín 1 àti 20, ẹ ní ìgbà mẹ́fà láti mọ̀ ọ́n, ó ń sọ fún yín bóyá èyí tí ẹ dá kéré tàbí ó pọ̀. Eré ọmọdé ni, àmọ́ ẹ má ṣe yára kọjá rẹ̀. Ẹni tó bá ń pín ohun tó ṣẹ́kù sí méjì nígbà gbogbo, tó kọ́kọ́ dá 10, tó wá lọ sí apá tí kọ̀ǹpútà bá tọ́ka sí, ìgbà márùn-ún ti tó o, nítorí 2 tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ nígbà márùn-ún jẹ́ 32, èyí sì ju 20 lọ. Bí nọ́ńbà náà bá wà láàárín 1 àti 1,000, ìgbà mẹ́wàá péré ni. Bó bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, ogún. Ọgbọ́n yìí gan-an ni wọ́n fi ń wá orúkọ kan láàárín mílíọ̀nù orúkọ tí a ti tò létòlétò.

Àwọn orí tó tẹ̀lé e nípa fáìlì àti Excel, n kò ní pẹ́ lórí wọn, nítorí iṣẹ́ kálukú yàtọ̀. Kìkì pé kí olùkọ́ tó ń ka èyí ṣe ìṣirò díẹ̀: kíláàsì tó ní ọmọ 60, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ mẹ́sàn-án, tí a óò fi máàkì ìdánwò àárín táàmù kún ti ìdánwò ìparí, àròpọ̀ 540 ni ní táàmù kan, ká tó wá sọ̀rọ̀ ipò. Openpyxl, irinṣẹ́ tí Sweigart fi ń ka Excel, á ṣe gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó mu omi tán. Ohun tó máa yọ yín lẹ́nu níbẹ̀ ni ọmọ tí kò wá ṣèdánwò. Ojú ibi tó ṣófo kì í ṣe òdo lójú Python, bí ẹ bá sì ní kó rò ó pọ̀, ètò á dúró gbagidi. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un bóyá kó fún ọmọ náà ní òdo àbí kó kọ ọ́ sọ́tọ̀. Ìpinnu olùkọ́ nìyẹn, kì í ṣe ti ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá ti ka orí márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ẹ̀dà 2019, ẹ ti ní gbogbo ohun tí ẹ nílò fún iṣẹ́ kan tí kò sí nínú ìwé náà: kí kọ̀ǹpútà máa fi Yorùbá pe nọ́ńbà. Òǹkà wa yẹ ẹ́ gan-an, nítorí òfin ló ń tẹ̀ lé. Láti 21 lọ, bí ẹyọ tó wà lẹ́yìn bá jẹ́ 1 dé 4, a fi lé ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá tó wà nísàlẹ̀: 42, méjìlélógójì. Bó bá jẹ́ 5 dé 9, a yọ iye tó kù kó pé mẹ́wàá kúrò nínú ìdì tó wà lókè: 47, mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí:

ẹyọ = ['', 'mọ́kàn', 'méjì', 'mẹ́tà', 'mẹ́rìn', 'márùn']
ìdì = {20: 'lógún', 30: 'lọ́gbọ̀n', 40: 'lógójì', 50: 'láàádọ́ta', 60: 'lọ́gọ́ta', 70: 'láàádọ́rin', 80: 'lọ́gọ́rin', 90: 'láàádọ́rùn-ún'}
n = int(input())
kù = n % 10
if kù < 5:
    print(ẹyọ[kù] + 'lé' + ìdì[n - kù])
else:
    print(ẹyọ[10 - kù] + 'dín' + ìdì[n - kù + 10])

Àmì % ń mú ìyókù jáde lẹ́yìn tí a bá fi 10 pín n. Bí n bá jẹ́ 47, ìyókù jẹ́ 7. Kò kéré sí 5, nítorí náà apá ìsàlẹ̀ ni ètò á gbà: 10 dín 7 jẹ́ 3, èyí tó fún wa ní mẹ́tà, 47 dín 7, kún 10, jẹ́ 50, èyí tó fún wa ní láàádọ́ta. Ẹ so wọ́n pọ̀. Ẹ kíyè sí àyè tó wà níwájú àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú print; òun ni Python fi ń mọ ohun tó wà lábẹ́ if àti ohun tó wà lábẹ́ else, ẹ má ṣe yọ ọ́.

Ẹ tẹ 63, 78, 84, ẹ gbọ́ bó ṣe ń pè wọ́n. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ 40. Yóò ní «lélógójì». Kò sí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìyókù jẹ́ 0, 0 kéré sí 5, ètò sì ṣe ohun tí a ní kó ṣe gẹ́lẹ́. Ẹ nílò if kan ṣáájú fún ìgbà tí kò bá sí ìyókù, àti ibi tí ẹ máa kọ ogún, ọgbọ̀n, ogójì sí láìsí l níwájú. Ẹ tẹ 25: «márùndínlọ́gbọ̀n» ni yóò pè é. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n là ń sọ, nítorí náà òun náà gbọ́dọ̀ ní if tirẹ̀. Ẹ tẹ 96, KeyError á jáde, pẹ̀lú 100 lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ọgọ́rùn-ún lọ sínú ìdì, kò bá a. Ẹ fi 100: 'lọ́gọ́rùn-ún' kún un.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu nígbà tí ẹ̀rọ bíi ChatGPT lè kọ ètò yìí ní ìṣẹ́jú àáyá. Lóòótọ́, ó lè kọ ọ́. Ta ló máa mọ̀ pé lélógójì kì í ṣe Yorùbá? Ta ló máa mọ ìlà tí wọ́n ti ní láti tún un ṣe? Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú rẹ̀ rí ni.

Ẹ má gbìyànjú láti parí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ ṣe ti 40 lónìí, ẹ ṣe ti 25 lọ́la. Bí ẹ bá ti tún àwọn yẹn ṣe, 11 dé 19 ló kàn, tí 11 dé 14 ní lá dípò lé, tí 15 sì ní orúkọ tirẹ̀. Láti 100 dé 184 kò le, ìdì tuntun lásán ni ẹ máa fi kún un: láàádọ́fà, lọ́gọ́fà, láàádóje, ẹ máa bá a lọ. Ní 190 ni òfin á tún yí padà, nítorí mẹ́wàá ni a ń yọ kúrò nínú igba níbẹ̀, l iwájú á sì di n: mẹ́wàádínnígba. Kí ẹ tó kọ ìlà kan fún un, ẹ mú bébà, ẹ kọ 190 dé 199 sílẹ̀ ní Yorùbá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé yín, kí ẹ wò ó bóyá òfin kan ló mú gbogbo wọn àbí méjì.